Bàbá Àgbà, Síbí Idẹ, àti Ẹja Olóyè

Nínú ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n pín níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ bàbá àgbà mi, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó jẹ́ "gbajúgbajà oníṣòwò ohun àmúṣọrọ̀ inú omi." Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó yé mi pé ẹja ni wọ́n ń sọ. Wọ́n fi Àlàájì ṣáájú orúkọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọkùnrin náà kò wọ bàálù rí. Nígbà ayé rẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá kí i ní Àlàájì ní àdúgbò wa ní Kémta, yóò dá onítọ̀hún dúró lójú títì, yóò sì tún un ṣe fún un.

"N kò dé Mẹ́kà," ni yóò wí. "Ọ̀yán ni mo dé."

Ọ̀yán ni adágún ńlá tí ìjọba sé odò sí lẹ́yìn Abẹ́òkúta. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ onígi Bàbá máa ń dúró sí. Àwọn apẹja yòókù ń ju àwọ̀n. Bàbá kò ní àwọ̀n. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kí ó jókòó sí àárín ọkọ̀, kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa wà á jẹ́jẹ́ bí ẹni tó pọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn, kí òun sì máa wọ́ okùn ọ̀rá gígùn kan lẹ́yìn. Ní ìdí okùn yẹn ni irin pẹlẹbẹ kan wà tó ń yí bírí nínú omi, tó ń kọ mànà. Síbí ló ń pe irin náà, nítorí pé ara síbí ìjẹun ló ti ń gé púpọ̀ nínú wọn. Á gé ọwọ́ síbí sọnù, á lu ihò sí i lórí, á fi fáìlì tún etí rẹ̀ ṣe. Lẹ́yìn síbí ni ìlẹ̀kẹ̀ márùn-ún. Lẹ́yìn ìlẹ̀kẹ̀ ni ìwọ̀ méjì tó tẹ̀lé ara wọn, tí ekòló kan yóò nà lé lórí. Láti orí síbí dé ìwọ̀ ìkẹyìn, gbogbo rẹ̀ ló ń pè ní ìjánu.

N kò ní sọ ọdún tí wọ́n bí i, n kò sì ní ka ilé tó kọ́. Ìwé pẹlẹbẹ ti ṣe ìyẹn, ó tilẹ̀ fi ilé kan kún un. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni irú ènìyàn tó jẹ́, àti bí àwọn ọmọ rẹ̀ ṣe fẹ́ gba omi lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í di bàìbàì, àti ohun tó ṣe lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ náà kù sí ẹnu èmi nìkan.

Àpótí onígi kan ló kó àwọn ìjánu sí, ó sì mọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bí olùkọ́ ṣe mọ ọmọ kíláàsì rẹ̀. Èyí tó rí roboto máa ń yí ní ìrọ̀rùn, ó sì ń lu omi kì, kì, kì. Òun ni ti omi tó dákẹ́, tí ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má rìn. Èyí tó gùn bí ewé máa ń sáré yí, ó sì máa ń sún mọ́ okùn. Ìyẹn ni ti ibi tí odò ti ń wọlé, tí omi ń tì yín lẹ́yìn bí ẹ fẹ́ bí ẹ kọ̀. Nínú ọyẹ́, tí omi mọ́, tí ẹja ń ṣe ọ̀lẹ, síbí funfun kékeré ló máa ń so. Bí òjò bá rọ̀ tí omi pọ́n, idẹ ni. Láti ara fìtílà àtijọ́ kan tó ti fọ́ ló ti gé àwọn onídẹ rẹ̀. Mo ti jókòó ní yunifásítì sábẹ́ àwọn tó fi wákàtí méjì ṣàlàyé ohun tí kò tó ìdajì èyí, tí wọ́n sì ní ká pè wọ́n ní ọ̀jọ̀gbọ́n. Lọ́jọ́ tí mo gbé bírò àti ìwé wá, tí mo ní kí ó sọ èyí tó dáa jù fún mi kí n kọ ọ́ sílẹ̀, ó wo bírò náà pẹ̀lú àánú.

"Má bi mí pé èwo ló dáa," ló wí. "Bi mí pé omi wo là ń lọ."

Ní àdúgbò Ìjẹmọ̀ ló ti ń ra ìlẹ̀kẹ̀. Iṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ inú ìjánu ni pé kí ó jẹ́ kí síbí jìnnà sí ìwọ̀ díẹ̀. Láìsí i, síbí á há, kò ní yí mọ́. Obìnrin tó ń tà á rò pé ìyàwó tuntun ni Bàbá ń rà á fún. Ẹ wo ọkùnrin arúgbó tó ń fi ìka ṣa ìlẹ̀kẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, tó ń gbé pupa síwájú ojú, tó ń gbé aláwọ̀ ewé síwájú ojú, kí ẹ sọ pé ẹ ò ní rò bẹ́ẹ̀.

"Bàbá, ta ni orí bá ṣe báyìí?" ni obìnrin náà bi í lọ́jọ́ tí mo tẹ̀lé e lọ. "Ṣé ó pupa ni, àbí ó dú?"

"Ó ní irùngbọ̀n," ni Bàbá dá a lóhùn, ó sì ń ṣa ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ lọ.

Ẹni tó ní irùngbọ̀n yìí ni ọ̀bọ̀kún, ẹja tó fẹ́ràn jù láti pa. Olóyè ni Bàbá sọ ọ́. Kò sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láti fi bu ọlá fún un. Ó ní òun ti wo ẹja náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, òun sì ti wo àwọn olóyè ìlú, òun ò rí ìyàtọ̀. Ó ní bí ekòló bá wà níwájú rẹ̀ lásán, yóò ṣe bí ẹni pé kò rí i. Àfi kí nǹkan tó ń dán ṣáájú ekòló náà, kí ó sì máa bọ̀ ní ìwọ̀n ìrìn àwọn ènìyàn pàtàkì. Ọdún tí wọ́n fi bàbá kan ládùúgbò wa jẹ oyè, tí ó ń fi ọkọ̀ mẹ́ta lọ kí aládùúgbò tí ògiri wọn kan ara wọn, Bàbá jókòó síwájú ilé, ó ń wo àwọn ọkọ̀ náà bí wọ́n ṣe ń yọ́ kọjá. Ibẹ̀ ni mo ti gba ẹ̀kọ́ tó péye jù nípa ẹja.

"Bí ohun tó ń dán bá yára kọjá, ó rò pé ó ń sá fún òun," ni Bàbá wí. "Bí ó bá rọra kọjá, ó rò pé ó wá kí òun."

Ìrọra yìí ló ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín òun àti Bàbá Dáre, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń wa ọkọ̀. Àgbẹ̀ ni Bàbá Dáre ní abúlé kan létí omi. Ilé òrìṣà ni wọ́n bí i sí, kò sì kúrò níbẹ̀. Kí wọ́n tó gbéra láàárọ̀, yóò kí Yemọja, yóò wọ́n omi sí orí ọkọ̀. Bàbá yóò ní Bisimilaahi. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò bẹ̀rẹ̀. Bàbá Dáre, tó ń fi orúkọ pe Bàbá, ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ràjí, ṣé kí n máa wà á ni, àbí kí n máa wò ó?"

"Wà á. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí omi mọ̀."

"Ọkọ̀ tí mo ń wà, tí omi ò gbọ́dọ̀ mọ̀!"

"O tún ti ń sáré. Síbí ti ń pariwo. Ta ló ń lé ẹ?"

Bí ẹja bá jẹ, Bàbá Dáre yóò ní Yemọja ló ṣe é. Bí kò bá jẹ, yóò ní nítorí pé Ràjí kò kí i ni. Wọ́n fi ogójì ọdún ṣe ìjà yìí, kò sì sí èyí tó yí ọkàn ẹnìkejì padà nínú wọn. Mo gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan láti bá wọn dá sí i, mo fẹ́ kó ohun tí mo kà ní kíláàsì wọnú rẹ̀. Bàbá gbé ọwọ́ kan sókè, ọwọ́ kejì ṣì di okùn mú.

"Ẹ jẹ́ kí ẹ̀sìn sinmi díẹ̀," ló wí. "Síbí ló ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́."

Nílé, síbí náà ló fẹ́ tú Bàbá àti ìyàwó rẹ̀ ká. Ìyá àgbà mi ní kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì nínú pálọ̀, síbí méjìlá sì wà nínú rẹ̀ tí wọ́n fi ta á lọ́rẹ nígbà ìgbéyàwó rẹ̀. Kò sẹ́ni tó fi wọ́n jẹun rí. Wọ́n wà níbẹ̀ de àlejò kan tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí kò tíì dé ní gbogbo ọjọ́ ayé wọn. Bàbá gbé ọ̀kan, ó wò ó, ó ní irú irin yìí kò wọ́pọ̀ mọ́. Ọ̀sẹ̀ kejì ni Ìyá Àgbà nu gíláàsì, ó sì ka síbí mọ́kànlá. Ó sọ fún Bàbá pé bí òun bá tún fi ojú kan ẹja nínú ilé òun, òun yóò bá ẹja náà jáde. Oṣù méjì ni a fi jẹ ẹran. Nígbà tí mo bi Bàbá bóyá ó kábàámọ̀, ó ronú sí i dáadáa.

"Nínú gbogbo méjìlá," ló wí, "ọ̀kan yẹn nìkan ló tíì ṣiṣẹ́."

Bọ̀dá Mùkáílà, ọmọkùnrin àkọ́bí rẹ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ni ọ̀gá ní ilé iṣẹ́ ìjọba kan níbí. Ènìyàn dáadáa ni. Àrùn kan ṣoṣo tó ń ṣe é ni ohun tí àwọn èèyàn yóò wí. Bí wọ́n bá bi í níbi àsè pé kí ni bàbá rẹ̀ ń ṣe, yóò ní, "Wọ́n wà nídìí ìṣòwò omi," yóò sì tètè bi yín nípa ìdílé yín. Nígbà tó lọ Lọ́ńdọ̀nù, ó ra páálí síbí ẹja kan bọ̀, oríṣiríṣi ọ̀dà ló wà lára wọn, òmíràn tilẹ̀ ní ojú tí wọ́n yà sí i. Mo rò pé Bàbá yóò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó bu omi sí bàsíà, ó ń wọ́ wọn kọjá nínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tẹ́ etí. Ó gbé mẹ́rin sọ́tọ̀, ó ní wọ́n dára ju ti òun lọ. Ó dá ìyókù padà sínú páálí. Bọ̀dá fẹ́ mọ ohun tó ṣe wọ́n, pàápàá èyí tó ní ojú, torí òun ló wọ́n jù.

"Apẹja ni wọ́n ṣe ìyẹn fún," ni Bàbá wí. "Wọn ò ṣe é fún ẹja."

Láti ìgbà tí Bàbá ti ṣi ẹsẹ̀ gbé níbi tó ti ń bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, tó sì fi orúnkún gúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ni ọ̀rọ̀ ojú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Bọ̀dá Mùkáílà ní ó tó gẹ́ẹ́. Ó ní kí Bàbá jókòó sílé, kí ó wọ agbádá, kí àwọn èèyàn máa wá kí i. Bàbá ní ẹsẹ̀ ló yọ̀, ojú òun ò ṣe nǹkan kan. Wọ́n fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta fa ọ̀rọ̀ náà. Yunifásítì ń daṣẹ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ nígbà náà, èmi wà nílé, mo ti pé ọmọ ọdún méjìlélógún, mo ń tẹ̀lé Bàbá lọ sí Ọ̀yán. Bọ̀dá pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Sìdí, ìwọ ni wọ́n ń mú dání," ló wí. "Lọ bá mi wò ó dáadáa. Lọ́jọ́ Jímọ̀, tí a bá kírun tán, gbogbo wa yóò jókòó. Ohun tí o bá ní ojú rẹ rí la ó ṣe. Bí ojú wọn bá ṣì ríran, mi ò ní sọ̀rọ̀ mọ́. Bí kò bá ríran, ọkọ̀ náà ti lọ nìyẹn."

Báyìí ni mo ṣe di amí lórí bàbá àgbà mi, láìgba ìwé ìyànsípò.

Òjò ti rọ̀ ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ tí a lọ. Omi pọ́n bí tíì onímílíìkì. Bàbá wo omi náà títí, ó mí kanlẹ̀. "Idẹ ni èyí ń fẹ́," ló wí. Ó ṣí àpótí, ó fi ọwọ́ wá nínú rẹ̀, ó mú síbí roboto kan jáde, ó gbé e síwájú ojú, ó mi orí, ó sì so ó mọ́ okùn.

Funfun ni.

Iwájú rẹ̀ gan-an ni mo jókòó sí. Bàbá Dáre wà lẹ́yìn, kò lè rí i. Mo la ẹnu, mo sì pa á dé. Ilé tí wọ́n ti tọ́ mi, a kì í sọ fún àgbà pé ó ṣì í. Bí àgbà bá ní òjò ń bọ̀, tí oòrùn sì wà lójú ọ̀run, ńṣe ni wàá lọ ká aṣọ. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ fi ẹ̀kọ́ ilé bo ara mi. Mo tún mọ̀ pé bí mo bá sọ ọ́, mo ti jẹ́rìí nìyẹn, ọkọ̀ ti lọ. Mo wá dákẹ́, mo sì ń wo etí omi bí ẹni tó wá gba atẹ́gùn.

Láti àárọ̀ títí oòrùn fi fẹ́ dé àtàrí, ẹja kankan ò kàn wá. Bàbá Dáre ní ó ti tán, àwọn tí kò kí ìyá olómi ló fà á. Bàbá fi ìka méjì di okùn mú, ó gbé orí sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Ohùn èyí fúyẹ́," ló wí.

Ó fa okùn náà wọlé. Ó nu síbí sí ẹ̀wù rẹ̀, ó sì yọ ahọ́n jáde, ó fi kàn án. Idẹ máa ń korò díẹ̀ lẹ́nu. Síbí ìjẹun, gbogbo wa la mọ bó ṣe rí lẹ́nu. Ó gbé e sílẹ̀ lórí itan rẹ̀.

"Sìdí."

"Sà."

"Nígbà tí mo so ó, o rí i?"

"Mo rí i, sà."

"Kí ló dé tí o ò sọ̀rọ̀?"

"Mi ò fẹ́ rí yín fín ni, Bàbá."

Kò bínú. Ì bá dùn mọ́ mi ká ní ó bínú. "O jẹ́ kí n máa wọ́ irọ́ kiri inú omi láti àárọ̀," ló wí, "o ní ò ń bọ̀wọ̀ fún mi."

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, gbogbo wa péjọ sí pálọ̀ ní Kémta. Bọ̀dá Mùkáílà fi ọ̀rọ̀ lọ́lẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní ọ́fíìsì rẹ̀. Ó kù díẹ̀ kí ó ní ká ka àkọsílẹ̀ ìpàdé tó kọjá. Ó yíjú sí mi. "Sìdí, sọ ohun tí o rí." N kò sùn mọ́jú. Mo ti to irọ́ kan sẹ́nu, irọ́ tó rẹwà, tó ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí. Mo ní, "Ní ti ojú Bàbá..."

"Ẹ má bi í," ni Bàbá wí. "Èmi ni kí ẹ bi. Mo mú funfun, mo pè é ní idẹ. Ojú mi ti lọ."

Bọ̀dá fúnra rẹ̀ kò mọ ibi tí yóò wò. Ó ti múra ìjà sílẹ̀, kò sí ẹni tí yóò bá jà.

Bàbá tún sọ̀rọ̀. "Ẹ rán ọmọ yìí láti wá ṣọ́ mi. Èmi náà, mo ti kọ́ ọ láti kékeré pé kí ó má já mi nírọ́. Ọ̀nà wo ni kí ó gbà? Bó bá sòótọ́, ó ta mí. Bó bá purọ́, èmi ni mo kọ́ ọ. N kò fẹ́ kí ó ru ìkankan nínú méjèèjì."

Ẹni tó ní ọkọ̀ kan ṣoṣo láyé ló fi í lélẹ̀ níwájú wa yìí, kí ẹnu ọmọ-ọmọ rẹ̀ má bàa di ẹlẹ́gbin. Mo ti ka ìwé púpọ̀ nípa ìgboyà láti ìgbà náà. Ẹ̀wù funfun tí Bàbá wọ ní Jímọ̀ yẹn ni mo máa ń rí nínú wọn.

"Ẹ ṣé, Bàbá," ni Bọ̀dá wí. "Ó parí nìyẹn. Bàbá Dáre á gba ọkọ̀ náà."

"Ojú ló lọ," ni Bàbá dáhùn. "Ìka ṣì wà. Ẹ fún mi ní ẹnìkan tí yóò máa rí i, tí yóò sì máa sọ ọ́ fún mi bó ṣe rí. Bí n kò bá rí irú ẹni bẹ́ẹ̀, n ó jókòó."

"Bàbá, kí ni àwọn èèyàn yóò wí? Afọ́jú nínú ọkọ̀!"

Ìyá Àgbà ló dá sí i. Láti ìgbà ọ̀rọ̀ síbí mọ́kànlá, a ò tíì gbọ́ kí ó gbè sẹ́yìn Bàbá lórí nǹkan kan.

"Mùkáílà," ló wí, "ṣé ìwọ lo máa bá mi jókòó tì í láti ìdájí di ìrọ̀lẹ́, tí yóò máa tún àwọn nǹkan ilé mi gé? Gbé e padà sínú omi, jọ̀ọ́."

Ẹ̀rín tú gbogbo pálọ̀. Wọ́n fún un ní ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo láti fi dán an wò, pẹ̀lú àdéhùn pé Bọ̀dá Mùkáílà yóò wà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ó wá. Ó wọ bàtà aláwọ̀ dúdú. Bàbá Dáre wọ́n omi Yemọja sí ọkọ̀, díẹ̀ ta sí bàtà náà, kò sì tọrọ àforíjì.

Ọdún mẹ́ta gbáko ni Bàbá tún lò nínú omi lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, títí ọyẹ́ tó kọjá tó kú sórí ibùsùn rẹ̀, láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀. Èmi ni mo ń bá a yan síbí. Àwọn ọjọ́ tí mo dúpẹ́ fún jù láyé mi wà nínú ọdún mẹ́ta yẹn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn ló mú gbogbo ìyókù wá.

Omi ti mọ́ lọ́jọ́ náà, ó dákẹ́ rọ́rọ́. Bàbá ṣí àpótí rẹ̀. Ó fi ọwọ́ wá, ó mú èyí tó gùn bí ewé jáde, èyí tí a fi ń lọ sí ibi tí omi ti ń sáré. N kò mọ̀ títí di òní bóyá ó ṣì í ni, tàbí ó mọ̀ọ́mọ̀ mú un. Ó so ó mọ́ okùn, ó sì gbé e sókè sí wa.

"Èyí ńkọ́?" ló wí.

Bọ̀dá Mùkáílà wo omi, ó wo síbí. Ó ti gbọ́ ẹjọ́ síbí láti ìgbà tó ti wà ní kékeré, ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Ó mi orí, ó sì fi ohùn ọ́fíìsì dáhùn. "Ó dára gan-an, sà."

Mo la ẹnu.

"Kò dára, Bàbá. Ẹ ṣì í mú. Roboto ni omi yìí ń fẹ́, funfun."

"Sìdí!" Bọ̀dá fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde nínú ọkọ̀, Bàbá Dáre sì kígbe pé kí ó jókòó kó má baà dà wá sómi. "Ṣé orí ẹ pé ni? Bàbá lo ń bá sọ̀rọ̀ báyẹn?"

Bàbá ti ń tú okùn kúrò lára síbí náà. Kò yíjú sí ìkankan nínú wa.

"Fi í sílẹ̀, Mùkáílà," ló wí. "Ojú mi ló ń sọ̀rọ̀."